Àwọn ọbabìnrin tuntun ń bọ̀ ní Yúróòpù: ipò wo ni ọkọ wọn yóò wà?

Láti ọjọ́ 14, oṣù Kìíní, ọdún 2024, tí Margrethe Kejì ti orílẹ̀-èdè Dẹ́nmákì ti gbé adé sílẹ̀ fún Frederik, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kò sí ọbabìnrin kankan mọ́ tó ń jọba ní ilẹ̀ Yúróòpù. Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wàjà ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, lẹ́yìn àádọ́rin ọdún lórí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àwọn tó kàn láti jọba, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Victoria, tí wọ́n bí ní 1977, ni àrólé ní Swídìn. Elisabeth, tí wọ́n bí ní 2001, ni àrólé ní Bẹ́ljíọ̀mù. Catharina-Amalia, tí wọ́n bí ní 2003, ni ti Nẹ́dálándì. Leonor, tí wọ́n bí ní 2005, sì ni ti Spéìn. Ní Nọ́wè, Ingrid Alexandra, ọmọ tí wọ́n bí ní 2004, ló tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lórí ìlà ìtẹ́. Victoria nìkan ló ti lọ́kọ nínú gbogbo wọn. Àwọn yòókù ti dàgbà tó ẹni tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lè bẹ́ sílẹ̀ fún nígbàkúgbà, ìdí nìyí tí ìbéèrè àtijọ́ kan fi tún dìde: bí obìnrin bá jẹ ọba, kí ni ọkọ rẹ̀ jẹ́?

Ìyàwó ọba kò ní irú ìṣòro yìí. Nígbà tí Willem-Alexander jọba ní Nẹ́dálándì ní ọdún 2013, ọjọ́ náà gan-an ni Máxima aya rẹ̀ di ayaba, bẹ́ẹ̀ náà ni Mary di ayaba ní Dẹ́nmákì lọ́jọ́ tí Frederik di ọba. Ṣùgbọ́n Philip, tó fi ọdún 69 rìn lẹ́yìn Elizabeth gẹ́gẹ́ bí ọkọ ọbabìnrin, kò jẹ oyè ọba títí ó fi kú ní ọdún 2021. Ohun tó fà á ni pé nínú èrò àwọn ará Yúróòpù láti ìgbà pípẹ́, ọba ga ju ayaba lọ, nítorí náà bí wọ́n bá fi oyè ọba dá ọkọ lọ́lá, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé yóò gorí ẹni tí ìtẹ́ jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ẹ̀rù náà ní ìdí nínú òfin. Lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ohun tí obìnrin bá ní máa ń bọ́ sábẹ́ àṣẹ ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti gbéyàwó. Bí òfin yẹn bá wá mú ọbabìnrin pẹ̀lú, a jẹ́ pé odidi orílẹ̀-èdè ni yóò bọ́ sọ́wọ́ ọkọ, ọkọ náà sì sábà máa ń jẹ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè.

Ìbẹ̀rù yìí ló mú kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pàtó ní ọdún 1554, kí Mary Kìíní tó fẹ́ Philip ti Spéìn. Wọ́n gbà kí ó máa jẹ́ ọba, wọ́n tilẹ̀ ya àwòrán orí àwọn méjèèjì sára owó, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé kò gbọ́dọ̀ fi àjèjì sípò ìjọba, kò gbọ́dọ̀ fa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sínú ogun tí bàbá rẹ̀ ń bá Faransé jà, àti pé bí Mary bá kú láìbímọ, ọ̀rọ̀ Philip parí síbẹ̀. Òfin náà kò dá ogun dúró o. Ní ọdún 1557, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá Philip wọ ìjà pẹ̀lú Faransé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀lé e ni Calais, ilẹ̀ tó kẹ́yìn lọ́wọ́ wọn ní Faransé, sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Mary kú lọ́dún náà láìbímọ. Elizabeth, àbúrò rẹ̀ tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, kò lọ́kọ rárá. Nígbà tí Anne sì jọba ní 1702, wọn kò fi oyè ọba lọ George ọkọ rẹ̀, ọmọọba Dẹ́nmákì.

Èyí tí wọ́n ṣì fi ń díwọ̀n gbogbo àwọn yòókù títí dòní ni ìgbéyàwó Victoria ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Albert, ọmọọba Saxe-Coburg àti Gotha ní ilẹ̀ Jámánì. Ọdún 1819 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, agbẹ̀bí kan náà, Charlotte von Siebold, ló sì gbẹ̀bí wọn. Bàbá Albert ni ẹ̀gbọ́n ìyá Victoria. Lọ́dọ̀ tiwa, èèwọ̀ ni kí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò fẹ́ra wọn, ṣùgbọ́n láàrin àwọn ìdílé ọba Yúróòpù nígbà náà, ohun tó wọ́pọ̀ ni. Leopold, ọba Bẹ́ljíọ̀mù, tó jẹ́ àbúrò fún àwọn òbí méjèèjì yìí, ló ṣe alárinà.

Ọmọ ọdún 18 ni Victoria nígbà tó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1837. Albert dé sí ààfin Windsor ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, ọdún 1839. Ní ọjọ́ 15, Victoria ránṣẹ́ pè é wá sí yàrá rẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé inú òun yóò dùn bí ó bá lè fẹ́ òun. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà lè gbà, nítorí àṣà ààfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti dẹnu ìfẹ́ kọ ẹni tó wà lórí ìtẹ́. Wọ́n gbéyàwó ní ọjọ́ 10, oṣù Kejì, ọdún 1840, nínú ilé ìsìn ààfin St James ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba bèèrè pé kí wọ́n máa san 50,000 pọ́ùn fún Albert lọ́dọọdún. Àwọn aṣòfin gé e kù sí 30,000. Victoria fẹ́ kí wọ́n fi ọkọ rẹ̀ jẹ ọba, ṣùgbọ́n Lord Melbourne, olóòtú ìjọba, kìlọ̀ fún un pé kó má dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé àwọn tó bá ti lè fi ọba jẹ, wọ́n lè yọ ọba pẹ̀lú. Albert kò tilẹ̀ rí àyè yan akọ̀wé ara rẹ̀. Akọ̀wé Melbourne ni wọ́n fún un. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Jámánì pé ọkọ lásán ni òun, òun kọ́ ni baálé ilé. Bí Victoria bá ń fọwọ́ sí ìwé ìjọba, iṣẹ́ tí Albert ń ṣe ni pé ó ń fi bébà tí ń fa tàdáwà gbẹ ìfọwọ́sí náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ogún ọdún tó ti kàwé ní yunifásítì Bonn ni, òun ló sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tó ń gbẹ tàdáwà.

Oyún ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó tí Victoria fi lóyún, obìnrin tó ń kú níbi ìbímọ sì pọ̀ nígbà náà, nítorí náà Ilé Aṣòfin ṣe òfin ní ọdún 1840 kan náà pé bí ọbabìnrin bá kú tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré, Albert ni yóò di ìtẹ́ mú títí ọmọ náà yóò fi dàgbà. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní iṣẹ́ kan tó lórúkọ. Ọmọ mẹ́sàn-án ni Victoria bí láàrin ọdún 1840 sí 1857. Bí ó bá ti wà nínú oyún tàbí lórí ìkúnlẹ̀, Albert ló ń ka ìwé ìjọba, tó ń gba àwọn mínísítà lálejò, tó ń kọ lẹ́tà tí aya rẹ̀ yóò fọwọ́ sí. Wọ́n gbé tábìlì ìkọ̀wé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan fún ìyàwó, ọ̀kan fún ọkọ.

Ó tún ilé ṣe pẹ̀lú. Lábẹ́ ètò tó bá nílẹ̀, ìjòyè kan ló ni kíkó igi àti èédú sínú ààrò, ìjòyè mìíràn ló ni ìṣáná tí wọn yóò fi tan án. Ẹ̀ka kan ló ń nu inú fèrèsé, ẹ̀ka mìíràn ló ń nu ìta rẹ̀, nítorí náà otútù máa ń mú àwọn ará ààfin, fèrèsé kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ́ rí. Albert kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àṣẹ ẹnì kan. Ní ọdún 1842, Louise Lehzen, obìnrin tó tọ́ Victoria láti kékeré tí agbára rẹ̀ nínú ààfin sì pọ̀, padà sí Jámánì. Ìjà tó ṣáájú ìyẹn le gidigidi, torí àìlera ọmọ wọn àkọ́kọ́ ló bẹ́ ẹ sílẹ̀, ọkọ àti ìyàwó sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ burúkú.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ilé náà ṣe rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọmọ Yorùbá kan ló rí i tó sì sọ ọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851, wọ́n mú Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti mú lẹ́rú rí, wá sí ààfin Windsor láti wá sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú àti nípa Èkó, níbi tí Kòsọ́kọ́ ti lé Akíntóyè kúrò lórí oyè. Albert ló gbà á lálejò. Wọ́n ṣí àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, ọmọọba náà ń bi í nípa Abẹ́òkúta, nípa Èkó àti nípa ọjà tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń tà. Obìnrin kan tó múra ṣákálá wọlé wá, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì ń dá sí i. Bí Albert ṣe ń na àwòrán ilẹ̀ náà kó lè gbòòrò sí i, afẹ́fẹ́ rẹ̀ pa iná àtùpà, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí Albert wá sọ pé kí Kábíyèsí jọ̀wọ́ bá àwọn mú àbẹ́là wá ni Crowther tó mọ̀ pé ọbabìnrin ni òun ti ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ara rẹ̀ sì gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀. Victoria ní kó ka Àdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá fún òun, nígbà tó kà á tán, ó ní èdè náà rọ̀, ó sì dùn létí. Oṣù tó tẹ̀lé e ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà.

Mo dúró lórí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí nítorí pé ó fi ohun tí òfin kò kọ sílẹ̀ hàn. Ọ̀rọ̀ tó kan orí oyè Èkó ni wọ́n ń sọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọkọ ló ń béèrè ìbéèrè, ọba ló ń lọ mú àbẹ́là. Òwò ẹrú ti wà lọ́kàn Albert tipẹ́: ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ níwájú gbogbo ayé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kẹfà ọdún 1840, ìpàdé àwọn tó fẹ́ pa òwò náà run ló ti sọ ọ́. Ó kọ́ ọ sórí, ó sì kà á fún Victoria gbọ́ kó tó lọ. Nígbà tí wọ́n rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta lọ sí odò Ọya ní ọdún tó tẹ̀lé e, Albert ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn, Crowther sì wà lára àwọn tó bá ìrìnàjò náà lọ.

Ní ọdún 1851 kan náà ni Albert ṣe agbátẹrù Ìpàtẹ Ńlá ní Hyde Park, èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn wò, tí wọ́n sì fi èrè rẹ̀ ra ilẹ̀ tí àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé South Kensington wà lórí rẹ̀ títí dòní. Síbẹ̀, nígbà tí ogun Kírímíà, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá Rọ́ṣíà jà, fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn ń pariwo pé àjèjì tó ń ti Rọ́ṣíà lẹ́yìn ni, àwọn èrò sì kóra jọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n Tower ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1854 láti wá wò ó nígbà tí wọ́n bá ń mú un wọlé. Kò ṣẹ̀ wọ́n ní ohunkóhun. Ó di ọdún 1857, ìyẹn ọdún 17 lẹ́yìn ìgbéyàwó, kí ó tó gba oyè Prince Consort, ìyẹn ọmọọba tó jẹ́ ọkọ ọbabìnrin, Victoria fúnra rẹ̀ ló sì fi í jẹ nígbà tó rẹ̀ ẹ́ láti máa dúró de àwọn aṣòfin. Albert kú ní ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá, ọdún 1861, lẹ́ni ọdún 42. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni àwọn dókítà pe àìsàn náà.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí gbogbo ìgbéyàwó ọbabìnrin bá rí bíi ti Victoria àti Albert, ìbéèrè ti tán. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ aya rẹ̀ ni Albert rí ṣe. Ó ń kọ́ Victoria bí ẹni ń kọ́ ọmọ, nínú àwọn lẹ́tà tó máa ń kọ sí i lẹ́yìn ìjà pàápàá, òun gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Obìnrin tó fi ìgboyà pàṣẹ fún àwọn mínísítà ní ọmọ ọdún 18 bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé obìnrin kò yẹ fún ìjọba. Nígbà tí Albert kú, ó wọ aṣọ dúdú fún nǹkan bí ogójì ọdún, kò sì jáde sí gbangba fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé àwọn ènìyàn ń béèrè ohun tí wọ́n ń san owó ààfin fún. Lónìí, òfin kò tilẹ̀ ní gba irú rẹ̀: iṣẹ́ ọba ní Yúróòpù ti kéré ju ohun tí ènìyàn méjì lè pín lọ.

Philip, ọkọ Elizabeth Kejì, mọ èyí. Ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi ni kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1952, nígbà tí àwọn méjèèjì wà ní Kẹ́ńyà, òun ló sọ fún aya rẹ̀ pé bàbá rẹ̀ ti kú. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìjọba ti pinnu pé orúkọ Windsor ni àwọn ọmọ wọn yóò máa jẹ́, wọn kò ní jẹ́ orúkọ bàbá wọn, ó sì dùn ún wọra. Níbi ìdádé ọdún 1953, ó kúnlẹ̀ níwájú aya rẹ̀, ó sì búra ìtẹríba. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956, ọdún kan náà tó dá ètò àmì ẹ̀yẹ fún àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀, èyí tó ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Kò ka ìwé ìjọba, kò sì bá aya rẹ̀ wọ ìpàdé pẹ̀lú olóòtú ìjọba. Iṣẹ́ tirẹ̀ ló wá fún ara rẹ̀.

Henrik ti Dẹ́nmákì kò rí irú rẹ̀ ṣe dé ibi tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì yẹ kí àwọn tó ń ṣòfin lónìí kà dáadáa. Ọmọ Faransé ni, orúkọ rẹ̀ ni Henri de Laborde de Monpezat, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aṣojú Faransé ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó pàdé Margrethe. Wọ́n gbéyàwó ní oṣù Kẹfà ọdún 1967. Ó yí orúkọ padà, ó yí ìjọ padà, ó kọ́ èdè tí àwọn ènìyàn kò yé fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí aya rẹ̀ jọba ní 1972, kò sí ìlà kan nínú òfin tó sọ ohun tí yóò máa ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, ara Margrethe kò dá, Frederik ọmọ wọn ni wọ́n sì ní kó gba àlejò ọdún tuntun dípò ìyá rẹ̀. Henrik wò ó pé wọ́n ti sọ òun di ẹnì kẹta nínú ilé ara òun, ó kó ẹrù, ó lọ sí ilé rẹ̀ ní Caix, ní ilẹ̀ Faransé, aya àti ọmọ rẹ̀ sì ní láti tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀ láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 2005 wọ́n fi oyè Prince Consort dá a lọ́lá, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 2016, ó dá oyè náà padà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ààfin kéde pé Henrik kò fẹ́ kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ aya òun nínú kàtídírà Roskilde, níbi tí wọ́n ti ń sin àwọn ọba Dẹ́nmákì láti ọ̀rúndún mélòó kan sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń gbẹ́ pósí àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Ààfin ṣàlàyé pé ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ kò ti dùn sí ipò àti oyè tí wọ́n fún un. Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n tún kéde pé àìsàn ọpọlọ tó ń mú ènìyàn gbàgbé nǹkan ń ṣe é, ó sì yẹ kí a fi ìyẹn sọ́kàn kí a tó dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dùn náà ti lé ní ogún ọdún kí àìsàn tó dé. Ó kú ní oṣù Kejì ọdún 2018. Wọ́n sun òkú rẹ̀, wọ́n da ìdajì eérú náà sí omi Dẹ́nmákì, wọ́n sì sin ìdajì yòókù sínú ọgbà ààfin Fredensborg.

Ohun tí mo rí nínú ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé oyè kọ́ ni pàtàkì ọ̀rọ̀ náà. Albert ṣiṣẹ́ ọdún 17 láìní oyè, Philip kò gba oyè Prince Consort rárá, Henrik gbà á, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tó ń ba irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni kí orílẹ̀-èdè gba ọkùnrin kan wọlé, kí ó gba orúkọ rẹ̀, ìjọ rẹ̀ àti iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má sì sọ fún un kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé ohun tí ó ní í ṣe. Àtúnṣe òfin tó mú kí àkọ́bí obìnrin lè jogún ìtẹ́ ti wáyé: Swídìn ní 1980, Nẹ́dálándì ní 1983, Nọ́wè ní 1990, Bẹ́ljíọ̀mù ní 1991, Dẹ́nmákì ní 2009, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2013. Ọ̀rọ̀ ọkọ kò rí irú àfiyèsí bẹ́ẹ̀ gbà.

Spéìn ló kọ tirẹ̀ sílẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ṣì ń ṣáájú obìnrin nínú òfin ìtẹ́ wọn. Àṣẹ ìjọba tó jáde ní ọdún 1987 sọ pé aya ọba yóò máa jẹ́ ayaba, ṣùgbọ́n ọkọ ọbabìnrin yóò wà ní ipò ọmọọba. Ìwé òfin ilẹ̀ wọn, ní abala kejìdínlọ́gọ́ta, fi kún un pé kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ìjọba kankan àyàfi bó bá jẹ́ pé òun ni yóò di ìtẹ́ mú fún ọmọ tó kéré. Ẹni tó bá fẹ́ Leonor yóò mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe. Iṣẹ́ tí yóò ṣe ni kò sí nínú ìwé náà.

Ní Swídìn, Daniel Westling, ọ̀gá ilé eré ìmárale kan ní Stockholm, fẹ́ Victoria ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹfà, ọdún 2010, wọ́n sì fi í jẹ ọmọọba Swídìn àti Duke ti Västergötland lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìlera àti eré ìdárayá àwọn ọmọdé, lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, kí aya rẹ̀ tó jọba rárá. Estelle, àkọ́bí wọn tí wọ́n bí ní ọdún 2012, ni yóò jọba tẹ̀lé ìyá rẹ̀, nítorí náà ọkọ ọbabìnrin méjì ni Swídìn yóò ní tẹ̀léra tẹ̀léra, ètò tí wọ́n bá sì fi lélẹ̀ fún Daniel ni ọkọ Estelle yóò bá nílẹ̀.